Ẹ̀rọ tó ń tẹ tábílẹ́ẹ̀tì: ṣé ó lè gbà mí lọ́wọ́ bíléèdì, àbí ariwo lásán ni?

ÌyáÀńjọlá
Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́ta, ọkàn ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, oògùn tí wọ́n kọ fún un sì jẹ́ tàwọn àgbà, kò sí ti ọmọdé lórí àtẹ. Dókítà ní kí n máa gé hóró kan sí mẹ́rin, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe é rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Aago mẹ́fà àárọ̀, màá gbé abọ́ funfun sílẹ̀, màá mú bíléèdì tuntun, màá gé e sí méjì, ìyẹn ṣì ń gbọ́ràn. Ìgbà tó bá wá kan àtigé ìdajì sí méjì ni wàhálà dé, apá kan á tó hóró ìrẹsì méjì, ìkejì á fọ́ di ìyẹ̀fun sínú abọ́. Màá fi ìka kó ìyẹ̀fun yẹn jọ, màá pò ó mọ́ omi ṣúgà nínú ṣíbí, ọmọ á tu ìdajì ẹ̀ sí mi láyà. Ta ló mọ iye tó wọlé?

Àná ni àbúrò mi tó wà n'Ílùú Ọba fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rọ kékeré kan báyìí tó jókòó sórí tábìlì, ó ń ṣe tábílẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní iye tí ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbà ni wọ́n máa ń tẹ̀ sínú ẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni àbí ara àwọn fídíò AI yìí náà ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé ó ti dé Nàìjíríà, èló ni?

Jagunlabí
Wọ́n ti tẹ ilé, wọ́n ti tẹ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ó wá ku oògùn. Èmi ń dúró de èyí tó máa tẹ èbà pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ìgbà yẹn ni màá ra tèmi. Mummy Àńjọlá, ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín ni. Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn.

Apòògùn_Bódìjà
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Àńjọlá. Fámasísìtì ni mí. Òótọ́ ni o, kì í ṣe AI, àmọ́ nǹkan méjì ni àwọn èèyàn ń pò pọ̀, ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2015 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí tábílẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D, ẹ̀rọ tó ń to nǹkan ní ìpele lórí ìpele, ṣe. Spritam lorúkọ ẹ̀, oògùn wárápá ni, levetiracetam ló wà nínú ẹ̀, Aprecia ló ń ṣe é, MIT ni ọgbọ́n tí wọ́n lò ti wá. Ẹ rò ó bíi pé ẹ tẹ́ èlùbọ́ pẹrẹsẹ sórí atẹ, ẹ wá ń kán omi sí i níbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ti dì, ẹ tún tẹ́ èlùbọ́ lé e, ẹ tún kán omi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi ga di hóró. Kò sẹ́ni tó fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le bíi ti ilé-iṣẹ́, torí náà inú ẹ̀ rí jálajàla bíi fóòmù, omi ẹnu kan péré, láàárín sẹ́kọ́ńdì mélòó kan ó ti yọ́. Ẹni tí oògùn ńlá kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ mọ iyì ìyẹn, torí hóró kan lè gbé tó 1000 mg.

Àmọ́ Spritam kì í ṣe oògùn tí wọ́n wọn ẹnì kan kí wọ́n tó rán an. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, 250, 500, 750, 1000, ó parí. Rẹ́díméèdì ni.

Èyí tí Ìyá Àńjọlá ń wá ni ti télọ̀, kí wọ́n wọn ọmọ kí wọ́n tó rán. Ìyẹn náà ti wà, àmọ́ kò tíì pọ̀. Ní ilé ìwòsàn yunifásítì Santiago de Compostela ní Sípéènì, wọ́n dán an wò fún ọmọ mẹ́rin tó ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní MSUD. Ara wọn ò lè lọ èròjà mẹ́ta kan tó wà nínú ẹran, ẹyin àti mílíìkì, ìtọ̀ wọn á máa rùn bíi ṣúgà tó jóná. Wọ́n á wá fi irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dù wọ́n, tí wọ́n bá sì fi dù wọ́n tán, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, isoleucine, lè wálẹ̀ jù, wọ́n á ní láti máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, tó bá pọ̀ jù wàhálà, tó bá kéré jù wàhálà. Tẹ́lẹ̀, inú kápúsù ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n sí. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ FabRx, ilé-iṣẹ́ tó jáde látinú yunifásítì UCL ní London, tẹ èyí tí ọmọ lè rún lẹ́nu, adùn mẹ́fà, àwọ̀ mẹ́fà, ìwọ̀n tó bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan mu. Isoleucine ara àwọn ọmọ yẹn dúró síbi tí wọ́n fẹ́ ju ti kápúsù lọ. 2019 ni wọ́n gbé e jáde. Ọmọ mẹ́rin péré ni o, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ogójì.

Ní Nàìjíríà, mi ò tíì rí fámasì kankan tó ń tẹ̀ ẹ́ fún aláìsàn. Kí ẹ tó tún gé omiiran, ẹ mú páálí oògùn yẹn lọ bá fámasísìtì ilé ìwòsàn yín, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ bi í bóyá ó lè pò ó di olómi fún yín. Oògùn kan wà tó ṣeé pò, òmíì ò ṣeé pò, òmíì ò tiẹ̀ ṣeé gé rárá, torí náà ẹ má kàn lọ̀ ọ́ fúnra yín.

Ṣọ́ọ̀bù3D_Yábàá
Èmi ní ẹ̀rọ 3D méjì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kíì-họ́dà, àmì-ẹ̀yẹ àti ìdérí fóònù ni mo ń tẹ̀. Àǹtí Apòògùn, ẹ má bínú, mo fẹ́ mọ̀ ni, kí ló ń dí mi lọ́wọ́ kí n má da paracetamol sínú ẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀rọ kan náà ṣá ni.

Apòògùn_Bódìjà
Hà! Àbúrò, jọ̀ọ́ o. Èyí tó o ní yẹn, ṣé kì í ṣe rọ́bà tó rí bí okùn lo máa ń kì bọ̀ ọ́, á yọ́ ọ ní bíi 200 degree, á máa fà á jáde? Èyí tí wọ́n ń ṣe oògùn náà wà bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ pò oògùn mọ́ rọ́bà tí inú èèyàn lè gbà, wọ́n á yọ́ ọn di okùn, kí wọ́n tó tún yọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ iná, oògùn púpọ̀ ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwòsàn kan tó ń dán an wò fi fẹ́ràn èyí tó ń lo síríǹjì, oògùn á wà bí ògì tó ki, ẹ̀rọ á máa tì í jáde lórí ìlà bí ẹni tó ń fi kírímù kọ orúkọ sórí kéèkì ọjọ́ ìbí. Iná ẹ̀ ò pọ̀.

Àti pé ẹnu bàbà tí rọ́bà ń gbà jáde lára ẹ̀rọ ẹ yẹn, òjé díẹ̀ máa ń wà nínú irú bàbà bẹ́ẹ̀. Má tẹ nǹkan tí èèyàn máa gbé mì lórí ẹ̀ o.

Ṣọ́ọ̀bù3D_Yábàá
Mo ti gbọ́ ma. Ẹ ṣé. Mo ṣe bí eré ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ síríǹjì yẹn wọ̀ mí lórí o. Kí wá ni èrè ẹ̀ tó bá jẹ́ pé kéèkì ni?

Apòògùn_Bódìjà
Èrè ẹ̀ ni pé o lè yí i padà láàárín tábílẹ́ẹ̀tì kan sí ìkejì, 3.2 mg fún Táyé, 4.1 fún Kẹ́hìndé, o kàn yí nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ò lè dúró ṣe ìyẹn fún ẹ, wọ́n á pàdánù.

Ìkejì tó dùn mọ́ èmi jù ni ti ìrísí. Ẹni tó bá ti sè iṣu rí mọ̀ ọ́n. Gé iṣu kan sí ẹyọ méjì ńlá, gé ìkejì wẹ́wẹ́, gbé wọn ka iná papọ̀, èwo ló máa kọ́kọ́ jinná? Iṣu kan náà ni, ibi tí omi ti ń kàn án ló yàtọ̀. Àwọn UCL tẹ oògùn kan náà bí òrùka, bí páálí onígun mẹ́rin, bí bọ́ọ̀lù, bí òrùlé onígun ṣóńṣó, wọ́n sì rí i pé bí ara ẹ̀ tó kan omi ṣe pọ̀ tó sí ìwọ̀n ẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe ń yára yọ́. Ìyẹn ni pé láì fi èròjà tuntun kún un, o lè ní kí oògùn kan tètè ṣiṣẹ́, kí òmíì máa rìn jẹ́jẹ́ di alẹ́. Wọ́n tún ti tẹ èyí tí àmì ìwé afọ́jú wà lára ẹ̀, kí afọ́jú lè fọwọ́ pa á kó mọ èwo ló ń lò.

Tawa_London
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo yín. Fámasì tẹkiníṣíàn ni mí níbí, kí n bu tèmi sí i. Àwọn MHRA, àwọn yẹn ni NAFDAC tiwa níbí, ti ṣe òfin tuntun, 23 July 2025 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ní wọ́n lè ṣe oògùn níbi tí aláìsàn wà gan-an, nínú ilé ìwòsàn, nínú mọ́tò pàápàá. Àmọ́ wọn ò kàn ní kí olúkúlùkù lọ ra ẹ̀rọ. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tó ni láísẹ́ńsì, tó mọ gbogbo ibi tí ẹ̀rọ wà, tó kọ bí wọ́n á ṣe máa ṣe é sínú ìwé, tó máa dáhùn tí nǹkan bá bàjẹ́. Lójú tèmi, ìwé yẹn ni iṣẹ́ gan-an, ẹ̀rọ ò nira. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò tíì ní i o, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé kí n fi ránṣẹ́.

BàbáSùúrù
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rántí My Pikin? 2008. Oògùn eyín ọmọdé ni, olómi, ohun tí wọ́n fi pò ó ni májèlé wà nínú ẹ̀, diethylene glycol, ọmọ 84 ló bá a lọ kí wọ́n tó dá a dúró. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló pa wọ́n, ohun tí wọ́n dà sínú ẹ̀ ni. Ní orílẹ̀-èdè tí NAFDAC ti lọ ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa ní February 2025 nítorí ayédèrú, ẹ wá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa tẹ tiẹ̀ nínú yàrá? Ẹni tó ń fi ẹfun ṣe amoxicillin ló máa kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ yẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Jagunlabí
Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ rọra. Ayédèrú ò dúró de ẹ̀rọ 3D kó tó di ayédèrú, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ṣe é tipẹ́.

BàbáSùúrù
Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fún wọn ní ìkejì nìyẹn.

Apòògùn_Bódìjà
Bàbá, ẹ kú àárò wa. Ọ̀rọ̀ yín ò ṣeé kọ̀. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kò ṣókùnkùn sí àwọn tó ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n. Tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe mílíọ̀nù kan hóró, wọ́n á mú díẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á yẹ inú ẹ̀ wò, tíyẹn bá dáa, wọ́n á gbà pé ìyókù dáa. Tí wọ́n bá tẹ hóró 28 péré fún Àńjọlá ńkọ́? Mélòó ni kí wọ́n fọ́? Tí wọ́n bá fọ́ mẹ́wàá, oògùn ọjọ́ márùn-ún ọmọ ti lọ. Torí náà ni wọ́n ṣe ń wá bí wọ́n á ṣe yẹ̀ ẹ́ wò láì fọ́ ọ: wọ́n á wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ò lè rí sí i, bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe padà ni wọ́n á fi mọ oògùn tó wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ Bàbá, bíléèdì Ìyá Àńjọlá náà ò ní láísẹ́ńsì. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ìyẹn wò.

ÌyáÀńjọlá
😭 Àǹtí, ẹ ti pa mí.

Àdùkẹ́_Ẹ̀gbá
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, èmi tó ní ọmọ SS. Hydroxyurea ni tiwa. Ọmọ mi wọn kílò 14, dókítà ní 20 mg fún kílò kan, ẹ ṣírò ẹ̀, 280. Kápúsù tí mò ń rí rà, 500. Wọ́n wá ní kí n máa fún un lọ́jọ́ kan, kí n fo ọjọ́ kejì. Mo gbàgbé èwo ni ọjọ́ fífò lọ́jọ́ kan báyìí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mò ń ka kápúsù tó kù bí ẹni ń ka owó àjọ. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ní kí n ṣí i, kí n da ìdajì nù. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Tí ẹ̀rọ yẹn bá wà, 280 ni màá ní kí wọ́n tẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dọ́gba.

Apòògùn_Bódìjà
Àdùkẹ́ mi, MÁ ṢÍ I o. Hydroxyurea kì í ṣe oògùn tí à ń ṣí lórí tábìlì ìdáná. Ara páálí ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án wọ ìbọ̀wọ́, pàápàá aláboyún, kó má tiẹ̀ sún mọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀. Wo kàléńdà, fi bírò ṣàmì sí ọjọ́ tó o fún un, kó o sì padà bá dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń wò ó.

Àmọ́ ìwọ gan-an lo jẹ́ kí n sọ nǹkan tí mo ti fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ tìẹ ò nílò ẹ̀rọ 3D. Ilé-iṣẹ́ wà láyé yìí tó ń ṣe hydroxyurea 100 mg fún ọmọdé, tó sì láàlà láti gé. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá jẹ́ pé ó wà ní fámasì gbogbo ní iye tí ìyá lè rà ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ní ọmọ bíi 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú SS lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, ìyẹn kì í ṣe ọmọ mẹ́rin, kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀, rẹ́díméèdì kékeré ló yẹ wọ́n. Ẹ̀rọ yẹn, ti àwọn tí kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa dá wọn lóhùn ni, àwọn tí àìsàn wọn ṣọ̀wọ́n, àwọn tí ìwọ̀n wọn ń yí lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀.

Àdùkẹ́_Ẹ̀gbá
Mo ti kó o pamọ́ ma. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún yín.

Ọmọ_Bàbá_Ìjẹ̀ṣà
Bàbá mi ńkọ́? Ẹni ọdún 78, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, oògùn márùn-ún láàárọ̀. Ó ní òun ti ń fi oògùn jẹun, kì í tún ṣe ẹ̀kọ. Mo kà pé wọ́n lè kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹyọ kan.

Apòògùn_Bódìjà
Wọ́n ti ṣe é ní yunifásítì Nottingham, 2015, oògùn márùn-ún nínú hóró kan, aspirin àti hydrochlorothiazide á kọ́kọ́ jáde, pravastatin, atenolol àti ramipril á máa rọra jáde tẹ̀lé e. Nínú ìgò omi láàbù ni wọ́n ti wò ó o, kì í ṣe nínú ikùn èèyàn. Ó wù mí, mi ò ní parọ́, àmọ́ ẹ wo ọ̀nà kejì: tí dókítà bá ní kí Bàbá dá ọ̀kan dúró lọ́la, ẹyọ kan yẹn ńkọ́? Tó bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ á kàn yọ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá dì pọ̀, ẹ á da gbogbo ẹ̀ nù, ẹ á lọ tẹ òmíì, tí fámasì tó ń tẹ̀ ẹ́ bá wà nítòsí, tíná bá sì wà.

Ṣọ́ọ̀bù3D_Yábàá
Ọ̀rọ̀ iná tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń tẹ àmì-ẹ̀yẹ kan nígbà kan, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n múná lọ. Kí n tó yí jẹnẹrétọ̀ dúró, ẹnu ẹ̀rọ ti tutù mọ́ ọn lára, ẹ̀rọ náà tún gbàgbé ibi tó dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya nínú afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ tábílẹ́ẹ̀tì ni, ìdajì ìwọ̀n ló wà níbẹ̀ yẹn. Mo ju tèmi nù, mo bẹ oníbàárà.

Jagunlabí
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya nínú afẹ́fẹ́ 😂😂 bíi wòlíì.

Tawa_London
Ìdí tí òṣùwọ̀n fi gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ gan-an nìyẹn. Èyí tí kò bá pé ìwọ̀n, kó jù ú síta fúnra ẹ̀.

BàbáSùúrù
Tó bá jẹ́ báyìí lẹ ṣàlàyé ẹ̀ látàárọ̀, mi ò bá má pariwo. Kó wà ní ilé ìwòsàn ńlá, kí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wà lára ẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyẹn ni mo lè gbà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, rárá.

ÌyáÀńjọlá
Ẹ káalẹ́ o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo lọ bá fámasísìtì ilé ìwòsàn bí Àǹtí ṣe ní kí n ṣe. Arábìnrin kan ni, kò tiẹ̀ tó mi lọ́jọ́ orí, ó wo páálí oògùn, ó ṣí ìwé kan, ó ní èyí ṣeé pò. Ó pò ó di olómi, ó kọ ọjọ́ tó ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí sára ìgò, ó fún mi ní síríǹjì aláìlábẹ́rẹ́, ó fi bírò pupa ṣàmì sí ibi tí mo gbọ́dọ̀ fà á dé. Ó ní kí n máa mi ìgò dáadáa kí n tó fà á, torí oògùn máa ń jókòó sísàlẹ̀. Ọmọ ò tu ú sí mi láyà mọ́, ó tiẹ̀ fẹ́ gba síríǹjì lọ́wọ́ mi láti fi ta omi sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Inú fìríìjì ló ní kí n máa fi sí. Àdúgbò wa ò ríná láti Sátidé. Yìnyín ni mò ń rà lọ́wọ́ ìyá oní-pure water láràárọ̀, mo fi ìgò sínú fúláàsìkì, mo dì í mọ́ ọn. Lọ́la ló máa parí, mo gbọ́dọ̀ gba òmíì, àmọ́ arábìnrin yẹn wà ní lífù títí di Ọjọ́bọ̀. Bíléèdì náà ṣì wà lókè fìríìjì, mi ò tíì jù ú nù.

Apòògùn_Bódìjà
Má fọwọ́ kan bíléèdì. Fi àwòrán páálí àti ohun tó wà lára ìgò ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí n rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín lọ́la.